Wọ́n Tún Padà Sẹ́sẹ̀ Òkè Tí Ń Yọ Iná

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ ó ní àlọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n kọ́ ilé wọn sínú òkè tí ń yọ iná. Láàárín ọdún 1951 sí ọdún 2015, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná yọ sí wọn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé abúlé méjì mì, àtilé àtọ̀nà, àti ilé-ìwé àti ọgbà. Iná náà kú tán, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn náà fi tún gbé ṣọ́bìrì, tí wọ́n padà síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ṣé orí àwọn wọ̀nyí pé báyìí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé ibi tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí wa tó bí ẹ ti rò. Kì í ṣe Jàpáànù, kì í ṣe Ítálì. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni, orílẹ̀-èdè wọn àti tiwa sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS.

ERÉKÙṢÙ TÍ Ń JẸ́ INÁ

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ni Cape Verde, tí àwọn onílé ń pè ní Cabo Verde. Ó wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bí 600 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Dakar, olú-ìlú Senegal. Erékùṣù mẹ́wàá ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yìí, ènìyàn sì ń gbé orí mẹ́sàn-án nínú wọn. Kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ rárá kí àwọn Pọtogí, tí àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà, tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1460. Àwọn ni wọ́n kó ẹrú láti etíkun Áfíríkà lọ síbẹ̀. Ọmọ ẹrú àti ọmọ olówó ẹrú dàpọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì di ẹ̀yà kan tí ń sọ èdè àdàlù tí wọ́n ń pè ní Kriolu. Ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1975 ni wọ́n gba òmìnira.

Nínú erékùṣù mẹ́wàá yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Fogo ni orúkọ rẹ̀. "Iná" sì ni ìtumọ̀ Fogo lédè àwọn Pọtogí. São Filipe ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwọn atukọ̀ ń rí iná pupa lórí òkè náà láti ojú òkun lóru, ta ni yóò tún máa fi orúkọ ẹni mímọ́ pè é? Bí ó ṣe di Fogo nìyẹn. Orúkọ São Filipe wá kù fún olú-ìlú erékùṣù náà nìkan.

Fogo rí roboto bí àkàrà. Ilẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ kò ju 476 kìlómítà níbùú àti lóòró lọ, mọ́tò sì lè yí i ká láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò pé 40,000. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú kékeré wò ó o. Erékùṣù náà látòkèdélẹ̀, òkè kan ṣoṣo ni, ìdí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún. Bí omi òkun bá lè gbẹ, ẹ ó rí i pé gíga rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó tó kìlómítà mẹ́fà sí méje. Apá tí ó yọ sókè omi nìkan jẹ́ 2,829 mítà, èyí tí ó ju 9,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Òkè Ìdànrè tí a fi ń yangàn nílẹ̀ Yorùbá kò tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe òkè náà kí ó lè yé yín. Ẹ fojú inú wo ìkòkò ràgàjì kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti fọ́ dànù. Ògiri ìkòkò náà jẹ́ àpáta dúdú, gíga rẹ̀ tó kìlómítà kan ní ibòmíràn. Inú ìkòkò náà fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní inú rẹ̀ ni òkè kejì ti dìde, tí ó rí ṣóńṣó bí òkìtì gaàrí tí ìyá aláte ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní Pico do Fogo. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ inú ìkòkò náà ń jẹ́ Chã das Caldeiras, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ àwọn ìkòkò. Láàárín ògiri ìkòkò àti ẹsẹ̀ òkè ṣóńṣó yìí ni abúlé méjèèjì tí mo ń sọ wà, Portela àti Bangaeira.

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí ó fọ́ ńkọ́? Ìhà ìlà-oòrùn ni ó kọjú sí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2015 pé ní nǹkan bí 73,000 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ òkè náà ya lulẹ̀ sínú òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi òkun ru sókè, ó sì rọ́ lu erékùṣù Santiago tí ó wà ní 55 kìlómítà sí i. Títí di òní, àwọn òkúta ńláńlá wà lórí òkè ní Santiago tí omi náà gbé gun ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Òmíràn nínú wọn wúwo tó 770 tọ́ọ̀nù. Ẹ ṣírò iye ọkọ̀ tírélà tí yóò gbé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn!

BÍ INÁ ṢE Ń DÉNÚ ÒKÈ

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ a máa bi mí pé ta ní ń dá iná náà, igi wo ni wọ́n sì fi ń dá a. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí igi níbẹ̀, kò sì sí ọwọ́ iná bí èyí tí a mọ̀. Òkúta fúnra rẹ̀ ni ó gbóná títí tí ó fi yọ́ bí òrí inú agbada.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, èèpo ni. Bí a bá ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbóná sí i. Ní ibi púpọ̀ láyé, èèpo yìí nípọn, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan, ooru ń ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún dìde ju ti ibòmíràn lọ, bí ìgbà tí iná àdògán bá pọ̀ sójú kan lábẹ́ ìkòkò. Irú ojú àdògán bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ Cape Verde. Ibẹ̀ ni òkúta ti ń yọ́, tí ó sì ń wá ọ̀nà àtijáde.

Ohun tí ń tì í jáde ni atẹ́gùn tí ó há sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mínírà, ẹ mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọdé bá gbo ìgò dáadáa kí ó tó ṣí ìdérí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí òkúta yíyọ́ bá ti ń sún mọ́ òkè, atẹ́gùn inú rẹ̀ a máa hó, a sì tú jáde pẹ̀lú ariwo. Bí omi bá gbóná dé 100 lórí òṣùwọ̀n, a ní ó hó; òkúta yíyọ́ yìí máa ń ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ibi tí ó bá ti tutù, ibẹ̀ ni ó dì sí. Èyí tí ó ṣàn lónìí a bo ti àná mọ́lẹ̀, títí tí òkìtì fi yọ sókè omi, tí ó di erékùṣù. Èyí ni mo ṣe máa ń sọ pé iná ni ó bí ilẹ̀ àwọn ará Fogo.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń yọ. Lọ́dún 1680, ó yọ ìyọkúyọ̀ọ́ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí Brava, erékùṣù kékeré tí ó wà nítòsí. Láti ìgbà náà, ó ń sùn, ó ń jí. Lẹ́yìn ọdún 1857, ó sùn fọnfọn títí di ọdún 1951. Ó tún jí ní oṣù kẹrin ọdún 1995. Ní ìgbà méjèèjì yìí, kì í ṣe orí ṣóńṣó òkè ni iná ti jáde, bí kò ṣe ìdí rẹ̀, nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ro lóko.

ỌJỌ́ TÍ ABÚLÉ MÉJÌ PARẸ́

Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní Chã das Caldeiras. Àwọn àgbà ibẹ̀ tí ojú wọn ti rí ti ọdún 1951 àti ti ọdún 1995 kò nílò wòlíì tí yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday mọ́, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ilẹ̀ là ní ìdí òkè náà, iná sì tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti yọ lọ́dún 1995.

Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà jáde, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Òkúta yíyọ́ náà kò sáré bí omi. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ń rọra wọ́ bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ohunkóhun kò lè dá a dúró. Ògiri bíríkì kò tó o, ilé ìjọsìn kò tó o. Bí ó ti ń wọ́ bọ̀ ni àwọn onílé ń tú fèrèsé, wọ́n ń tú ilẹ̀kùn, wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká òrùlé, wọ́n sì ń di gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá, ó wọ Portela, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó kọjá síwájú, ó wọ Bangaeira náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá tuntun tí ìjọba kọ́ fún ìtọ́jú igbó àti òkè náà bá a lọ.

Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2015 ni iná náà tó dákẹ́, lẹ́yìn 77 ọjọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀: abúlé méjì parẹ́, ṣùgbọ́n iná náà kò pa ẹyọ ènìyàn kan.

OHUN TÍ MO FOJÚ ARA MI RÍ

Lọ́dún 2017, mo lọ kí àbúrò mi kan tí ń ta aṣọ ní Dakar. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Praia, tí mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fogo. Iyanrìn etíkun ibẹ̀ dúdú bí èédú. Ọkọ̀ akérò gbé wa gòkè láti São Filipe, ọ̀nà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, atẹ́gùn sì ń tutù sí i, títí a fi gba ibi tí ògiri ìkòkò náà ti là wọnú pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo rí i. Òkúta dúdú rẹrẹẹrẹ bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, ṣùgbọ́n tí ebè kọ̀ọ̀kan jẹ́ òkúta mímú bí ìgò fífọ́. Láàárín rẹ̀, òrùlé ilé kan yọ sókè, ara ilé náà sì wà lábẹ́ òkúta. Mo dúró lórí ibi tí ó jẹ́ ìgboro nígbà kan rí, n kò sì rí ìgboro kankan.

Síbẹ̀, ilé tuntun wà níbẹ̀. Wọ́n to bíríkì lé òkúta náà lórí, wọ́n sì kùn ún. Ní ilé àlejò kan tí mo wọ̀ sí, bí mo ti bọ́ bàtà, mo rí i pé ilẹ̀ yàrá náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Onílé rẹ́rìn-ín. Òkúta abẹ́ ilé náà ni kò tíì tutù tán, lẹ́yìn ọdún méjì àti ààbọ̀!

Ẹ ó bi mí pé èdè wo ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, èdè Faransé ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èjìgbò mọ̀ pé èdè Faransé kì í ṣe àlejò lọ́jà wa, nítorí àwọn ènìyàn wa ní Abidjan. Ní Chã das Caldeiras náà, àwọn kan gbọ́ ọ nítorí àlejò òyìnbó tí ń wá gun òkè. Ó sì tún ní ìtàn kan nínú. Ìjòyè ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Montrond wá tẹ̀dó sí Fogo ní apá ìkẹyìn sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, wọ́n sì ní ó wà lára àwọn tí ó mú kí ọ̀gbìn àjàrà gbilẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, Montrond ni orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí òkè náà. Ẹ ó rí ọmọ aláwọ̀ dúdú tí irun orí rẹ̀ pupa.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI PADÀ?

Àwọn àgbà wa ní à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pa òwe yìí mọ́ àwọn ará Chã. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ló dé tí òròmọdìẹ ń fẹ́ lọ sí ààtàn? Ṣebí ibẹ̀ ni oúnjẹ wà!

Cape Verde jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ ju oṣù díẹ̀ lọ lọ́dún, ọdún mìíràn sì wà tí kì í rọ̀ rárá. Fogo kò ní odò tí ń ṣàn yíká ọdún. Ṣùgbọ́n eérú òkè oníná ní oúnjẹ irúgbìn púpọ̀ nínú, ó sì mọ omi í dì mú. Ìkùukùu tí ó bá sẹ̀ sórí òkè lóru, eérú náà a fà á mu, a sì tọ́jú rẹ̀ fún gbòǹgbò. Nítorí náà ni àjàrà fi ń so nínú ilẹ̀ dúdú tí ẹ ó rò pé koríko kò lè hù, pẹ̀lú ọ̀pọ̀tọ́, ápù, ẹ̀wà àti òtílí. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kó ara wọn jọ sẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń fún àjàrà náà ní wáìnì, wọ́n sì ń tà á fún àlejò. Ní Mosteiros, nísàlẹ̀ òkè náà, kọfí ni wọ́n ń gbìn.

Lẹ́yìn iná ọdún 1995, ìjọba kọ́ ilé fún wọn ní Achada Furna àti Monte Grande, lẹ́yìn òde ìkòkò náà. Àwọn ilé yìí náà ni ọ̀pọ̀ wọn tún sá lọ lọ́dún 2014. Ilé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko wọn kò sí níbẹ̀. Ìyá kan tí ó ní ọgbà àjàrà là á yé mi pé ilé tí kò lóko, bí àga lásán ni: ènìyàn lè jókòó sórí rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́.

Ohun kejì tún wà, òun ni ó sì ká mi lára jù. Nínú ìtàn Cape Verde, ọ̀dá ni ó pa ènìyàn, kì í ṣe iná. Láàárín ọdún 1941 sí 1943, àti lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1947 àti 1948, òjò kọ̀, ìyàn mú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Fogo wà lára àwọn erékùṣù tí ó jìyà jù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sọ ìtàn ìyàn yẹn fún, tí o wá ní kí ó fi ilẹ̀ tí ń so èso sílẹ̀ nítorí iná tí ń yọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún tàbí ogójì ọdún, kí ni o rò pé yóò fi dá ọ lóhùn?

Nítorí ebi yìí náà ni àwọn ọmọ Fogo àti Brava fi ń wọ ọkọ̀ apẹja-àbùùbùtán lọ sí Amẹ́ríkà láti ayébáyé. Wọ́n pọ̀ lọ́hùn-ún títí di òní, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń kọ́ ilé sílẹ̀ dè ọjọ́ àtibọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ti ẹnì kan létí yín? Àwa ọmọ Èjìgbò ti ń lọ sí Abidjan láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2002, àti nígbà tí ìjà ìdìbò tún dé lọ́dún 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù bọ̀ wálé. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ṣé wọn kò tún padà ni? Wọ́n padà, nítorí pé ọjà wọn wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi àwọn ará Chã ṣe yẹ̀yẹ́.

ǸJẸ́ ÒKÈ TIWA LÈ GBINÁ?

Lẹ́yìn tí mo dé, mo ya ọ̀dọ̀ ìyá kan lọ́jà Èjìgbò, tí ń ta kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ní ẹ ń sọ, pé òkè lè máa yọ iná?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Ìyá. Kódà ọmọ irú òkè bẹ́ẹ̀ wà lórí àtẹ yín yìí."

Ó ní, "Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Èwo nínú rẹ̀, Tíṣà?"

Mo mú òkúta fúlẹ́fúlẹ́ tí ihò wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin fi ń ha gìgísẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú abọ́ omi rẹ̀, ó sì léfòó. Àwọn kan wà lọ́jà tí ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀, ìfóòfó òkúta yíyọ́ ni. Atẹ́gùn ń hó nínú rẹ̀ nígbà tí ó dì lójijì, ihò atẹ́gùn náà sì kù síbẹ̀. Ìyá náà wo òkúta, ó wò mí, ó ní, "Ǹjẹ́ èyí tí a fi ṣe ọlọ ńkọ́? Àpáta ẹ̀yìn ilé wa kò ní gbiná lọ́jọ́ kan báyìí?"

Ìdáhùn tí mo fún un ni mo fẹ́ fún ẹ̀yin náà. Rárá o. Àpáta Èjìgbò, Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo jẹ́ àgbàlagbà láàárín òkúta. Iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ti se wọ́n rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni èyí tí ó ṣe kẹ́yìn, wọ́n sì ti tutù láti ọjọ́ náà. Kò sí ojú àdògán kankan lábẹ́ wa. Bí ilẹ̀ bá mì díẹ̀, bí irú èyí tí àwọn ará Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn gbọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ògbólógbòó ìlà inú àpáta ni ó sún díẹ̀. Kì í ṣe iná ni ó ń bọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà nítòsí wa tí iná ti wà. Ìlà kan ti inú òkun lọ́hùn-ún wọ orí ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àwọn òkè oníná àtijọ́ ti Biu ní ìpínlẹ̀ Borno sì bá wọn tan. Lórí ìlà yìí ni Òkè Kamẹrúùnù wà, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ. Ó yọ iná lọ́dún 1922, 1954, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012. Ti ọdún 1922 ṣàn wọ òkun. Ti ọdún 1999 gé ọ̀nà mọ́tò nítòsí Bakingili. Lórí ìlà kan náà ni erékùṣù Bioko wà, tí a ń pè ní Fernando Po tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ oko kòkó títí di àárín àwọn ọdún 1970. Ilẹ̀ òkè oníná ni ó mú kí kòkó ibẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀; ọdún 1923 ni òkè rẹ̀ yọ iná kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò yọ iná ni ó pa ènìyàn jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, adágún Nyos ní Kamẹrúùnù, tí ó wà lẹ́nu òkè oníná àtijọ́, tú afẹ́fẹ́ burúkú tí ó ti kó jọ sísàlẹ̀ omi jáde. Afẹ́fẹ́ náà kò ní àwọ̀, ó sì wúwo ju èyí tí a ń mí sínú lọ. Ó ṣàn sínú àfonífojì bí omi, ó sì pa àwọn tí ó ju 1,700 lọ, pẹ̀lú màlúù wọn. Ẹlòmíràn kò jí lójú oorun. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ri ọ̀pá bọ adágún náà tí ń fa afẹ́fẹ́ yẹn jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀: Fogo kìlọ̀, wọ́n gbọ́, kò sí ẹni tí ó kú. Nyos kò fún ẹnikẹ́ni ní ìkìlọ̀ tí ó lè yé e.

OHUN TÍ MO RÍ KỌ́

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́lé sẹ́nu iná nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Òkè Fogo yóò tún yọ iná. Kò sí onímọ̀ kan tí ó jiyàn èyí. Lọ́jọ́ kan ó lè ṣàn yá ju ti ọdún 2014 lọ, tàbí kí ó bẹ́ lóru. Nítorí náà ni wọ́n fi ri ẹ̀rọ sílẹ̀ káàkiri òkè náà, tí ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ kí etí ènìyàn tó gbọ́ ọ, tí wọ́n sì ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń ti ihò rẹ̀ jáde. Ẹni tí yóò bá ẹkùn gbé gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ebi ń pa ẹkùn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà han àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ wọn tọ́ka sí Fogo, Bioko àti Òkè Kamẹrúùnù. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé inú ilẹ̀ ń gbóná ní ibì kan, tí ó sì tutù ní ibòmíràn, ẹlẹ́tàn kò ní rí i fi ìmìtìtì ilẹ̀ dẹ́rù bà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ wo àwọn ará Portela dáadáa. Ìmọ̀ ohun tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ ni ó gbà wọ́n. Wọ́n kó ìlẹ̀kùn, wọ́n kó òrùlé, wọ́n fi ògiri sílẹ̀ fún iná. Kò sí ẹni tí ó jókòó ti ilé rẹ̀ títí tí iná fi bá a. Nílẹ̀ tiwa, omíyalé ni a ń rí, iná ọjà ni a ń rí. Wọ́n á kìlọ̀, ẹlòmíràn á sì ní òun kò lè fi ìsọ̀ òun sílẹ̀. Ìsọ̀ ṣeé tún kọ́. Ní Chã das Caldeiras, wọ́n ti tún un kọ́ sórí òkúta tí kò tíì tutù, àjàrà sì ti tún ń so. Ẹ̀mí tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ Sunday yẹn ni ó ń ká a.